Ibojì Tí Mo Fi Dá Iná Lóhùn

Àwọn tí a jọ dé ìlú òyìnbó láyé ìgbà náà máa ń sọ pé ebi ló lé àwọn, pé Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ owó di yẹpẹrẹ, ló lé àwọn, pé owó oṣù tíṣà kò ra nǹkan kan mọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Tíṣà lèmi náà, Ìlorà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, mo sì mọ bí owó oṣù ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìbínú ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló fi ẹnu ara rẹ̀ lé mi jáde nílé bàbá wa ní Fìdítì, mo sì pinnu lọ́jọ́ náà pé bó pẹ́ bó yá, màá san án fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí bàbá mi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọsàn ni bàbá mi ń gbìn. Ní Fìdítì, ẹni tí kò bá gbin ọsàn ń bá ẹni tó gbìn ín ká a ni, nítorí náà kò sí ohun ìyanu nínú ìyẹn. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ mọ́ṣáláṣí, kò sì bọ nǹkan kan. Onítẹ̀bọmi wà nínú agbo ilé wa, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì máa ń bá a ṣàwàdà pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà dé ọ̀run. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Bí Ọlọ́run bá fẹ́ rí mi, Ó mọ ọ̀nà oko." Wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Bí ọdún Iléyá bá dé, Bàbá Mùfú, bíríkìlà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi, á gbé itan àgbò wá. Bí ó bá di Kérésìmesì, ìyá mi, tí wọ́n tẹ̀ bọmi láti ọmọdébìnrin, á se ìrẹsì yí agbo ilé ká, ti Bàbá Mùfú ló sì máa ń kọ́kọ́ bù. Lára bàbá mi ni mo ti kó àìgbàgbọ́ tèmi. Kò jókòó kọ́ mi. Mo kàn ń wò ó ni, mo rí i pé kò jalè, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó sì ń sùn dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ yunifásítì, ìjọ kan ló sì mú bọ̀ wálé. N ò ní í dárúkọ ìjọ náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, n kò kàn fẹ́ bá wọn polówó ni. Láti ọjọ́ tó ti dé ni ẹ̀rín ti kúrò nílé wa. Ó ní tẹlifísọ̀n jẹ́ àpótí èṣù, ó gbé ti bàbá mi jáde, ó fi òkúta fọ́ ọ lójú àwọn ọmọ agbo ilé. Ó ní ẹran òrìṣà ni ẹran Iléyá, ó sì da èyí tí Bàbá Mùfú gbé wá sórí ààtàn nígbà tí bàbá àgbàlagbà náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó ní ìyá wa kò gbọdọ̀ kì wá mọ́ láàárọ̀, torí pé àwọn òkú abọ̀rìṣà ló ń pè bó bá ti ń pe oríkì. Bàbá mi wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ yìí, kí ni wọ́n fún ẹ jẹ níbi tó o lọ?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi kú. A sin ín síwájú ilé, lábẹ́ igi ọsàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Kò sí pásítọ̀, kò sí àfáà, bí òun náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bàbá Mùfú àtàwọn ọmọ ẹbí ló gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da yẹ̀pẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó gun orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà, ó ṣí Bíbélì, ó pa á dé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "bàbá yìí ló bí mi, ṣùgbọ́n mi ò ní í torí ìyẹn purọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, iná ti ń jó o. Kò sì ní í kú nínú iná ọ̀hún láéláé."

Ìyá mi ṣubú. Wọ́n gbé e wọlé, a ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìta. Mo bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú yìí."

"Ibẹ̀ nìwọ náà ń lọ," ó ní. "Kèfèrí ni ẹ́, bíi tiẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà nílé yìí, o ò ní í sun inú ẹ̀ mọ́."

Òun ni àkọ́bí, ilé sì ti di tirẹ̀. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Kí ọsàn ọdún náà tó pọ́n, mo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìlẹ̀kùn. Gbogbo ènìyàn ló ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Èèyàn lè kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o ò ní í mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé báwo lo ṣe jí. Mo kí obìnrin kan "ẹ káàárọ̀" ní gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Lọ́jọ́ náà mo rò ó nínú mi pé ó dára bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọn kì í ti í bi èèyàn ní ohunkóhun, wọn ò ní í bi í pé ìjọ wo ló ń lọ.

Mo tan ara mi ni. Inú ilé obìnrin ará Awẹ́ kan ni mo dé sí, Ìyá Tósìn. Èèyàn dáadáa ni, òun ló fún mi ní kóòtù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀. Ní Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, ó gbá ìlẹ̀kùn mi.

"Dìde, múra, a ti ń pẹ́."

"Ibo là ń lọ, mà?"

"Ibo la tún ń lọ ní Sọ́ńdè? Ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ẹ má bínú, mà. Mi kì í lọ."

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Áà, Mùsùlùmí ni ẹ́. O ò wá sọ? Kò sí wàhálà, màá júwe mọ́ṣáláṣí fún ẹ."

"Mi ò ṣe Mùsùlùmí náà, mà."

Ó jókòó sórí ibùsùn mi. "Kí lo wá ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ni mò ń wá, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ̀ láti ibi tí mo ti ń wá iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi yọ̀ lára ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Òróró ni. Ìyá Tósìn ti fi òróró àdúrà kun ìlẹ̀kùn mi láti òkè délẹ̀, ó ta sára kóòtù tí òun fúnra rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ àdúrà wọn bá pé sí pálọ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ sínú yàrá mi, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lé ẹ̀mí àìgbàgbọ́ tó wà nínú ilé yìí. Àwọn obìnrin Yorùbá àdúgbò, tó máa ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà wá kí mi tẹ́lẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ fún mi mọ́. Mo rékọjá òkun, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni à ń fọ̀. Èmi ni mò ń ti aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ̀ ọ́. Irin rẹ̀ gbóná débi pé bí ìka bá lọ kàn án, awọ á bó. Òógùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òtútù ni mo sì ń bọ́ sí níta. Níwájú irin gbígbóná yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń wo ìka mi tó jó, màá bi ara mi pé irú ọkàn wo ló lè rò ó pé bàbá òun wà nínú ooru tó ju èyí lọ, kó sì jẹun yó, kó sùn, kó jí, kó tún kọrin ìyìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbàgbọ́ pẹ̀lú omijé. Ẹ̀gbọ́n mi gbádùn rẹ̀ ni. Mo rí ojú rẹ̀ lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ yẹn.

Mọ́rìn ni wọ́n ń pe òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀rọ kan náà, obìnrin àgbà tó fẹ́ràn tíì. Nígbà kan tí a ń sinmi, mo bi í, mo rọra bi í bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún, pé ṣé ó máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi kẹ̀? Rárá o," ó ní. "Mi ò gba nǹkan kan gbọ́." Ó ti bísíkíìtì bọnu.

Mo dúró. Mò ń retí kí ẹnì kan yíjú wò ó, kí ẹnì kan pe orúkọ Jésù. Kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé ṣé ṣúgà kù. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò wọ bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé nínú òjò.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún Mọ́rìn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, gbogbo rẹ̀, àti iná, àti ìyá mi tó ṣubú. Ó mi orí, ó ní ó mà ṣe o, pé kí n gbàgbé ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ lásán ni. Kò mọ̀. Àìgbàgbọ́ tirẹ̀, ó bá a nílé ni, bí èèyàn ṣe ń bá àga nílé. Èmi, ilé ni mo fi san owó tèmi. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn má gba Ọlọ́run gbọ́, kó sì máa ṣàárò orin Kérésìmesì, kí itọ́ máa ṣe é lẹ́nu bí Iléyá bá ti ń bọ̀. Àìgbàgbọ́ tèmi, ti Fìdítì ni. Inú agbo ilé tí Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi ti ń bu oúnjẹ fún ara wọn ni mo ti kọ́ ọ, àwọn tó gbàgbọ́ ló sì fún un láyè. Ẹ̀gbọ́n mi pa àyè náà rẹ́. Nítorí èyí ni n kò fi jẹ́ ti ọ̀dọ̀ Mọ́rìn, tí n kò sì jẹ́ ti ọ̀dọ̀ Ìyá Tósìn. Ibi tí mo jẹ́ tirẹ̀ gan-an, èèyàn kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì.

Mo gba yàrá tèmi nígbà tó yá. Yàrá kékeré, ààrò kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Mo nu ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òróró lára rẹ̀. Ìyá Tósìn gbé ìrẹsì wá kí mi, ó sì gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Dárí jì í." Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá òkú jà. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní í gbàgbé.

Kò sí fóònù nílé wa. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ló máa fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ọ̀yọ́, èmi á ti káàdì bọ inú ẹ̀rọ lójú títì Lọ́ńdọ̀nù, màá pè wọ́n ní àkókò tí a ti jọ fi sí. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró tì í. Mo mọ̀, torí pé mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ìyá mi ṣì máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pe oríkì mi kí ó tó béèrè àlàáfíà. Nígbà tó ṣe, kò pè é mọ́.

"Ṣé o ń jẹun?" á bi mí.

"Mò ń jẹun, Màámi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ̀kọ tútù."

Ìgbà tí mo bá pè, ẹ̀kọ tútù ni. Mo wá bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jẹ nǹkan gbígbóná, àbí eyín ń dùn ún. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni ẹ̀gbẹ́ òun gbọ́.

"Ṣé kí n wá máa jẹ gbígbóná, kí bàbá yín sì wà níbi tó wà?"

Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe tíṣà ní Ìlorà, ló sọ èyí tó kù fún mi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Jọ̀bẹ̀lé, fóònù wà ní ọ́fíìsì níbẹ̀, mo sì máa ń pè é síbẹ̀.

"Ìyá ẹ ò dáná mọ́ nílé ìdáná," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ iná. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pọn omi lọ dà sórí ibojì bàbá ẹ."

"Omi?"

"Kó lè tutù sí bàbá lára. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n ẹ wá ká wọn mọ́ ọn. Ó ní ẹbọ ni, wọ́n ń bọ òkú. Ó mú wọn lọ síwájú ìjọ, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ jẹ́wọ́."

"Ta ló kúnlẹ̀?"

"Ìyá ẹ."

"Wọ́n kúnlẹ̀ fún ta ni?"

Kí n tó bi í ni mo ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti di olórí ìjọ náà ní Fìdítì, kò sí ẹlòmíràn tó ń jókòó síwájú rẹ̀.

Obìnrin tó kúnlẹ̀ bí i ló tún mú kó kúnlẹ̀ fún òun. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá bá fẹ́ ba ayé ọmọ jẹ́, kò ju kó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tú irun orí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un, ó fi ohùn rara béèrè. Mo gbé fóònù kọ́, mo dúró sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n gbé fóònù ojú títì sí títí ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ fi kan gíláàsì.

Ìyà tó ń jẹ aláìgbàgbọ́ nìyí, pé bí wọ́n bá ṣe é ní ibi, kò ní Ṣàngó tó máa rán, kò ní Ọlọ́run tó máa fi ẹjọ́ sùn. Ìyá Tósìn lè gbààwẹ̀ lé ọ̀tá lórí. Èmi, ọwọ́ mi nìkan ni mo ní. Mo ronú lé e lórí lójú irin gbígbóná títí Mọ́rìn fi ní ojú mi ń ba òun lẹ́rù. Ó sì wá sí mi lọ́kàn. Ohun kan wà tí ọmọ tó wà lókè òkun lè ṣe, tí ẹnikẹ́ni ní Fìdítì kò ní í lè ní kó má ṣe, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe ọba. Ó lè ṣe ibojì bàbá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Mo gba ọ̀rọ̀ mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé sí Bàbá Mùfú, pẹ̀lú ohun tí yóò ná. Bàbá Mùfú ti di àgbà pátápátá inú ẹbí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fi ṣíbí bíríkìlà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e ga, kí wọ́n fi táìlì funfun bò ó, kí wọ́n sì kọ ohun tí mo fẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀dà dúdú, lẹ́tà gàdàgbà. Pálọ̀ wa ni ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń pàdé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dé ẹnu ìlẹ̀kùn tí kò ní í gba ẹ̀gbẹ́ ibojì kọjá. Kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá Mùfú fi dá mi lóhùn kò gùn.

"Ọmọ mi, mo gbọ́," ó ní. "Ẹran yẹn ṣì ń dùn mí."

Wọ́n dúró de ọdún Àjíǹde, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kó ìjọ rẹ̀ lọ pàgọ́ àdúrà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ nìyí: *Ó gbin ọsàn, ó fún aládùúgbò jẹ. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ mọ́ṣáláṣí, kò sì fi iná dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.*

Mo pe Ràmọ́tà ní Jọ̀bẹ̀lé. Kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ kà á tán, ó wọlé, òòlù ńlá ló gbé jáde," ó ní. "Bàbá Mùfú ti jókòó lórí ibojì. Wọ́n ń bó ọsàn."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ilé àbúrò mi, kó kọ́kọ́ fọ́ mi.' Gbogbo agbo ilé ti jáde. Onítẹ̀bọmi jáde, Mùsùlùmí jáde. Ó gbé òòlù náà dání títí, ó tún gbé e wọlé. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi kọ́ ìwé kíkà báyìí. Wọ́n máa ń pariwo ẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, pàápàá bí ìjọ bá ń wọlé lọ."

Mo ra odindi adìyẹ lọ́jọ́ náà. Mo sè é, mo sì dá jẹ ẹ́ tán, mo jó nínú yàrá mi láìsí orin. Wọ́n ní ẹ̀san kì í dùn tó bí a ṣe rò. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbẹ̀san rí. Ó dùn gan-an. Oṣù yẹn parí, ó ṣì ń dùn mọ́ mi níwájú ẹ̀rọ, mo ń ti aṣọ bọ ẹnu irin, mo ń kọrin.

Nígbà tí àkókò tó tí mo tún máa pe ìyá mi ní Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé fóònù.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" ó ní.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bọ̀ọ̀dá."

"O ti dójú tì mí. Àwọn ọmọ ìta ń pariwo mọ́ wa. Ìdajì ìjọ ò wá mọ́."

"Ẹ kó èyí tó kù lọ sí Ìmínì. Ilẹ̀ ò wọ́n níbẹ̀."

"Màá máa gbàdúrà fún ẹ."

"Ẹ má gbàdúrà fún mi. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ igi ọsàn. Kí ẹ sì tọrọ ti ẹni tó dúró tì yín yẹn."

Síbẹ̀ "ẹ" ni mo ń bá a sọ, torí àkọ́bí ni, ẹ̀kọ́ ilé kò sì jẹ́ kí ẹnu mi gba ohun tí ọkàn mi fẹ́. Mo gbọ́ tí fóònù gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

"Ṣé ìwọ ni?" Ìyá mi ni.

"Èmi ni, Màámi. Ṣé wọ́n ti ka ohun tí mo kọ fún yín?" Ìyá mi kò mọ̀wé.

"Wọ́n kà á. Ó gùn díẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ nǹkan tí mo rí fún ẹ. Lọ́sàn-án àná, oòrùn ń mú kọjá bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo lọ jókòó ti bàbá yín, mo fọwọ́ kan ara ibojì yẹn. Ó tutù."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ó tutù, bí ara ìkòkò àmù. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Mo tún lọ wò ó láàárọ̀ yìí kí wọ́n tó gbé mi wá. Bí iná bá wà lábẹ́ ẹ̀, ṣé òkè ẹ̀ ò ní í gbóná ni? Ìwọ tó o kàwé, sọ fún mi."

Mo mọ ohun tó ń ṣe táìlì náà. Táìlì dídán ni, funfun sì ni, abẹ́ igi ọsàn tí oòrùn kì í dé ló wà. Òkúta èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀ á tutù. Gbogbo ìjà tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà, lórí pé ó ń sọ ohun tí kò mọ̀ nípa òkú ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sì fi gbígbóná ọkàn ṣà kọ sára ibojì yẹn, kò wúlò fún ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kàwé tirẹ̀.

"Kò sí iná níbẹ̀, Màámi," mo ní. Òótọ́ ni mo sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òótọ́ tí òun gbọ́.

"Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti àná." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Mo dáná. Mo se ọbẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná."

Mo fi orí ti gíláàsì, mo sunkún. Mo ti rò pé inú mi á rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rọ̀. Gbogbo ọdún tí ìyá mi fi jẹ ẹ̀kọ tútù ló kó ara wọn jọ sí mi lọ́kàn.

"Màámi, ẹ kì mí," mo ní.

"Bọ̀ọ̀dá ẹ wà níbí."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ kì mí."

Ó pe orúkọ oríkì mi. N ò ní í kọ ọ́ síbí, tèmi àti tirẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré, bí ti ẹni tó gbàgbé ọ̀nà, ó wá rí ọ̀nà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó bọ́ sórí bàbá mi, ó pè mí ní ọmọ ọlọ́sàn, ọmọ abu-ọsàn-fún-àjèjì, ó bọ́ sórí àwọn tó bí bàbá mi. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn inú ilé tẹlifóònù dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi pé, "Màámi, ó tó." Ó ń kì mí lọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé káàdì mi ń tán lọ, mo ti òmíràn bọ̀ ọ́.

"Ẹ máa kì mí lọ, Màámi," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ọ délẹ̀."